Bharatanatyam tí a kọ́ ní kékeré: kí ni ó kù lára wa lẹ́yìn tí a dàgbà?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ìlú London ni mo ń gbé, àwọn ìbejì mi sì ti pé ọmọ ọdún méje. Obìnrin kan tó wá láti Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Bharatanatyam, ijó àtayébáyé ti ibẹ̀, ní òwúrọ̀ Sátidé. Àwọn ìbejì rí i níbi ayẹyẹ ilé-ìwé wọn, láti ìgbà náà ni wọn kò sì ti jẹ́ kí n sinmi. Owó rẹ̀ kò ga ju agbára wa lọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà ti sọ fún mi pé òun kì í gba ọmọ tí yóò ṣe é fún sáà kan péré, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín dàgbà ní Íńdíà nítorí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ àwọn òbí yín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi fi ijó ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ̀kọ́ náà fi sílẹ̀ lára yín tí ẹ ṣì ń lò títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an, adùn rẹ̀ àti ìkorò rẹ̀.

Ọmọ Chennai

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Bàbá mi ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ní ìlú Chennai nígbà tí mo wà ní kékeré. Nínú ilé tó múlé gbe tiwa ni ìyá àgbà kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní Bharatanatyam, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí àwọn ìbejì yín. Nọ́ọ̀sì ni mí nísinsìnyí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti jó lójú ènìyàn kẹ́yìn. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo nínú ẹ̀kọ́ ìgbà èwe mi ni mo ń lò jù lọ, ẹ̀kọ́ ijó yìí ni n ó dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò so ṣaworo mọ́ òun lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kìíní yóò ní láti mú sùúrù, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni ni ìdúró kan tí wọ́n ń pè ní aramandi. Gìgísẹ̀ méjèèjì á kan ara wọn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á kọjú sí ọ̀tún àti sí òsì, orúnkún á tẹ̀, á sì yà sí ẹ̀gbẹ́, títí ènìyàn yóò fi wà ní agbedeméjì ìdúró àti ìlóṣòó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gún ṣánṣán. Nínú ìdúró yẹn ni ọmọ yóò ti máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Tattadavu ni orúkọ ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, ọ̀tún, òsì. Olùkọ́ á jókòó sórí ẹní, á máa fi ọ̀pá kékeré lu ègé pákó tó wà níwájú rẹ̀, á sì máa fi ẹnu pe ìró tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé: teyya tei, teyya tei. Ọ̀pọ̀ oṣù ni a fi ṣe irú èyí kí a tó dé orí ohun tí aráyé mọ̀ sí ijó.

Ìyára mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kíkà olùkọ́ kì í yí padà. Ní ìyára kìíní, ẹsẹ̀ kan ni fún kíkà kan, ní ìkejì ó di méjì, ní ìkẹta ó di mẹ́rin. Gbogbo ọmọdé ló ń fẹ́ tètè dé ìyára kẹta, nítorí pé òun ló ń wu ojú. Ìyá àgbà wa a máa dá wa padà sí ìyára kìíní nígbà gbogbo, ó sì pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó yé mi. Bí ẹsẹ̀ bá ń yára, àléébù a máa sá pamọ́ sínú ariwo. Bí ó bá ń falẹ̀, gbogbo etí ló ń gbọ́ ọ nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá balẹ̀ tán, gbogbo ojú ló ń rí i nígbà tí apá bá dé lẹ́yìn ẹsẹ̀, itan á sì máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n ènìyàn kò gbọdọ̀ dìde.

Ohun tí mo gbé kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ojú kì í tì mí láti ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀ lójú àwọn ẹlòmíràn nígbà tí ọwọ́ mi kò bá tíì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ń kọ́ bí a ṣe ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó láti fi abẹ́rẹ́ sí i, mo gbà láti ṣe é ní ìyára kìíní títí ó fi wọ̀ mí lára. Mo ti rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ọpọlọ wọn pé jù tèmi lọ, tí wọn kò lè fara da kí ẹnikẹ́ni rí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ìyẹn sì ń pa wọ́n lára lẹ́nu iṣẹ́.

Olùtọ́jú Eegun

Ọ̀rọ̀ yìí dára, mo sì kí Ọmọ Chennai. Ṣùgbọ́n títọ́jú eegun àti iṣan ni iṣẹ́ mi, mo sì ti tọ́jú àwọn tó kọ́ ijó yìí ní kékeré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì rẹ̀.

Yíyà tí orúnkún ń yà sí ẹ̀gbẹ́ nínú aramandi, láti oríkèé ìbàdí ni ó ti yẹ kí ó wá. Ìbàdí àwọn ọmọ kò rí bákan náà. Bí ìbàdí ọmọ kan kò bá gbà, tí wọ́n sì ń fi ipá yí ẹsẹ̀ rẹ̀ síta kí ó lè jọ ti ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ni yóò san gbèsè náà. Èkejì ni ilẹ̀ tí wọ́n ń jó lé. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń jó, agbára ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí kọnkéré ni, tí ó sì jẹ́ ọdọọdún, eegun tó ṣì ń dàgbà yóò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ó ká mi lára jù. Àwọn kan nínú àwọn tí mo tọ́jú sọ fún mi pé ọ̀pá tí olùkọ́ fi ń lu pákó a máa fò dé ẹsẹ̀ ọmọ. Wọ́n sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n sì ní ìyẹn ló sọ àwọn di ènìyàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má máa pe ìbẹ̀rù ní ẹ̀kọ́. Báwo ni òbí ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀?

Ọmọ Chennai

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Èmi náà mọ àwọn ọmọ tó sá kúrò nídìí ijó nítorí ọ̀pá, tí wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ìró mridangam, ìyẹn ìlù olójú méjì tí wọ́n fi ń jó o, títí di òní.

Ìyàtọ̀ tí mo rí nìyí. Olùkọ́ tó le tó sì dára a máa ṣe ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Ìyá àgbà wa a máa dìde lórí ẹní rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, á dúró ní aramandi, á sì ní kí a wo ibi tí ìwúwo ara òun wà. Bí ó bá bá ọmọ wí, ibi tí àléébù wà gan-an ni yóò fọwọ́ kàn: “Apá rẹ ti rọ̀ ní ìgúnpá.” Kì í sọ fún ọmọ pé ọ̀dẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé ìgúnpá rẹ̀ rọ̀ mọ ohun tí yóò tún ṣe. Èyí tí wọ́n pè ní ọ̀dẹ̀ kò ní nǹkan kan láti tún ṣe. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ mi wí.

Ọmọ Delhi

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Kathak ni mo kọ́, ní àríwá. Ijó méjèèjì wà lára ijó mẹ́jọ tí Sangeet Natak Akademi, ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí orin, ijó àti eré fún ìjọba Íńdíà, kà sí ijó àtayébáyé. Ṣùgbọ́n nínú Kathak, ìdúró ṣánṣán ni, kò sí ìlóṣòó, ṣaworo tó wà lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́ bí yóò ṣe mú kí gbogbo wọn dún pọ̀, àti bí yóò ṣe mú kí díẹ̀ péré dún.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ ni ti ẹnu. Kí oníjó Kathak tó jó apá kan, yóò kọ́kọ́ kà á sókè fún àwọn tó ń wòran: yóò máa pàtẹ́wọ́ ka tala, ìyẹn ètò kíkà ìlù, yóò sì máa fi ẹnu pe gbogbo ìró tí ẹsẹ̀ yóò lù. Padhant ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ẹsẹ̀ ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó bá ti ṣe èyí níwájú àwọn àgbà ti ṣèlérí ní gbangba, wọn yóò sì wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò mú ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ ṣẹ. Àwọn onílù bàtá tó wà láàárín wa níbí yóò mọ ohun tí mo ń wí, nítorí pé ẹnu ni ọ̀pọ̀ ọmọ Àyàn fi ń kọ́kọ́ gbá ìlù kí ìlù gan-an tó dé ọwọ́ wọn.

Nínú rẹ̀ náà ni tihai wà. A óò pe ìró kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìyí i padà, ìró ìkẹyìn ìgbà kẹta yóò sì bọ́ sórí kíkà àkọ́kọ́ tala, èyí tí wọ́n ń pè ní sam, ní géérégé. Teental, tí wọ́n ń lò jù, ní kíkà 16. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí kò tọ́, a óò kọjá sam tàbí kí a má dé e. Nítorí náà, ọmọ ń kọ́ láti mọ ibi tí òun yóò parí sí kí ó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ìkọ́lé ni mo ń ṣe báyìí, ó sì ti mọ́ mi lára láti ka iṣẹ́ padà láti ọjọ́ ìparí wá sí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Alhaja Agbègbè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi, mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń rò ó tí wọn kò fẹ́ sọ ọ́. Mo ti rí ère òrìṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń jó, mo sì rí i tí wọ́n ń forí balẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn ni a ń fi àwọn ọmọ sí láìmọ̀?

Ọmọ Chennai

Alhaja, ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bò yín lójú. Ijó yìí ti inú tẹ́ńpìlì Híńdù àti ààfin ọba wá. Ère náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Nataraja, ìyẹn òrìṣà Shiva gẹ́gẹ́ bí oníjó. Ọ̀pọ̀ orin inú rẹ̀ ló ń ké sí Shiva, Murugan tàbí Krishna. Ìforíbalẹ̀ tí ẹ rí ni namaskaram: oníjó á fọwọ́ kan ilẹ̀, á sì fi kan ojú, láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ lù ú. Lẹ́yìn ijó, á tún ṣe é.

Ilé onígbàgbọ́ ni mo ti wá. Ìyá mi lọ bá olùkọ́ náà, ó bi í ní ohun tí orin kọ̀ọ̀kan ń sọ, ìyá àgbà sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Àwọn méjèèjì fẹnu kò pé kí n kọ́ àwọn apá tó jẹ́ ìró àti ìtẹ̀sẹ̀ lásán dáadáa, bí alarippu àti jatiswaram, kí n sì kọ́ àwọn orin tó ní ìtàn gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà tiwọn. Ní ìlú Tiruchirappalli, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí àwọn Kátólíìkì dá sílẹ̀, Kalai Kaviri, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Bharatanatyam.

Ọmọ Delhi

Kí n fi ti Kathak kún un, Alhaja. Àwọn ọba Mùsùlùmí wà lára àwọn tó tọ́jú rẹ̀ dàgbà. Wajid Ali Shah, ọba ìkẹyìn Awadh ní Lucknow, jẹ́ olórin àti oníjó fúnra rẹ̀, ààfin rẹ̀ sì ni ìdílé àwọn olùkọ́ Kathak tí ó gbajúmọ̀ jù ti gbèrú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ rẹ̀ ní 1856, ó gbé àwọn olórin rẹ̀ dání lọ sí Calcutta. Ní Kerala ní gúúsù pẹ̀lú, Mùsùlùmí ni Kalamandalam Hyderali, ọ̀kan nínú àwọn akọrin pàtàkì fún Kathakali, eré oníjó ti ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtàn àwọn òrìṣà Híńdù ni wọ́n fi ń ṣe Kathakali. Ìpinnu ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n kí òbí ṣe é pẹ̀lú ojú tó là.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí a kì í sọ fún àwọn ọmọdé, tí mo sì rò pé ó yẹ kí a sọ fún wọn bí wọ́n bá ti dàgbà tó láti gbọ́ ọ.

Orúkọ náà Bharatanatyam kò pẹ́ púpọ̀ tó fi gbajúmọ̀. Sadir ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní devadasi, tí a yà sọ́tọ̀ fún tẹ́ńpìlì, ni ó sì wà lọ́wọ́ wọn. Lára ògiri tẹ́ńpìlì ńlá tí Ọba Rajaraja Kìíní kọ́ sí Thanjavur ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n kọ orúkọ 400 obìnrin oníjó àti ilé tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ìlú yẹn kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin, Chinnayya, Ponnayya, Sivanandam àti Vadivelu, to ijó náà sí ètò tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní, láti alarippu tó ń ṣí i dé tillana tó ń parí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí agbára kúrò lọ́wọ́ àwọn ọba, ìtọ́jú tẹ́ńpìlì dín kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn obìnrin náà. Àwọn alátùn-únṣe, pàápàá Dókítà Muthulakshmi Reddy, jà kí òfin má gbà á mọ́ kí a máa fi ọmọbìnrin fún tẹ́ńpìlì, òfin náà sì jáde ní 1947 ní agbègbè Madras, tí olú-ìlú rẹ̀ ni ìlú tí a ń pè ní Chennai lónìí. Ìjà náà ní ìdí, nítorí pé wọ́n ń rẹ́ àwọn ọmọ kan jẹ. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, Rukmini Devi Arundale, tó wá láti ìdílé Brahmin, ẹgbẹ́ tí wọ́n kà sí gíga jù láàárín àwọn Híńdù, kọ́ ijó náà, ó jó o ní gbangba ní 1935, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Kalakshetra sílẹ̀ ní 1936. Ijó tí wọ́n ń fi bú àwọn devadasi di ohun iyì fún àwọn ọmọ ilé olówó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ni ín sì pàdánù ipò wọn nínú rẹ̀.

Balasaraswati kò jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọdún 1918 ni wọ́n bí i sí ìdílé olórin àti oníjó yẹn gan-an. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó kọ́kọ́ jó ní gbangba ní Kanchipuram. Kandappa Pillai tó kọ́ ọ le koko, ìyá rẹ̀ Jayammal a sì máa kọrin fún un bí ó ti ń jó. Ó gbé ijó náà dé Amẹ́ríkà, ó sì kọ́ni níbẹ̀. Ní 1973, Music Academy ti Madras fi oyè Sangita Kalanidhi, tí wọ́n máa ń fi fún àwọn olórin, dá a lọ́lá, oníjó kankan kò sì gba oyè náà rí ṣáájú rẹ̀.

Kí ni ìdí tí mo fi ń sọ èyí níbi tí a ti ń jíròrò lórí àwọn ọmọdé? Ọmọ tó bá kọ́ ijó yìí gba ohun kan lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ẹ̀gàn kàn. Mo fẹ́ kí ó mọ orúkọ wọn. Ó wu èmi pé kí ọmọ tètè mọ̀ pé ohun ẹwà lè ní ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùtọ́jú Eegun

Ẹ ṣeun, Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn. Ẹ tún jẹ́ kí n rántí pé Rukmini Devi ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ijó yìí, nítorí náà kí òbí má rò pé bí ọmọ kò bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún márùn-ún, ó ti parí.

Láti inú iṣẹ́ tèmi, mo fẹ́ mẹ́nu ba Sudha Chandran. Láti kékeré ló ti ń kọ́ Bharatanatyam. Ní 1981, ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i ní Tamil Nadu, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n ń ṣe ní Jaipur sí i, ó sì padà sórí ìtàgé ní 1984. Ẹni tí mo bá ń kọ́ láti fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn, ohun tó ń sú u jù lọ ni pé ó gbọ́dọ̀ padà sí ìpìlẹ̀: gbé ìwúwo sí ibí, gbé e kúrò, tún un ṣe. Ẹni tí ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nínú ohun tí Ọmọ Chennai pè ní ìyára kìíní mọ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. N kò sọ pé kò dùn ún.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù fún mi. Ọkùnrin ni Táíwò, bàbá mi sì ti sọ lórí fóònù pé ijó obìnrin ni. Èkejì, mo gbọ́ pé nígbà tó bá yá, àwọn òbí a máa ná owó rẹpẹtẹ lórí nǹkan tí wọ́n ń pè ní arangetram.

Ọmọ Delhi

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ọkùnrin ni àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin ti Thanjavur. Ọkùnrin ni Birju Maharaj, ẹni tó di àwòkọ́ṣe fún gbogbo oníjó Kathak títí ó fi kú ní 2022. Ní Odisha ní ìlà-oòrùn Íńdíà, àwọn ọmọdékùnrin ló ń jó ijó tí wọ́n ń pè ní gotipua, ibẹ̀ sì ni Kelucharan Mohapatra ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré kí ó tó di olùkọ́ àgbà Odissi, ijó àtayébáyé ti ibẹ̀. V. P. Dhananjayan náà kúrò ní Kerala lọ sí Kalakshetra nígbà tó wà ní ọmọdékùnrin.

Ọmọ Chennai

Arangetram ni ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ dá nìkan jó odindi ètò lórí ìtàgé, nǹkan bí wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọrin ń bẹ níbẹ̀, onímridangam ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó ń ta fayolíìnì tàbí tó ń fọn fèrè ń bẹ níbẹ̀, olùkọ́ á sì máa gbá àwo idẹ kékeré méjì pọ̀ láti darí wọn. Owó wọn, aṣọ ṣẹ́dà, ọ̀ṣọ́ àti gbọ̀ngàn ló ń di rẹpẹtẹ. Àwọn ìdílé kan sì ti sọ ọ́ di ayẹyẹ tí wọ́n fi ń bá ara wọn díje, èyí tí mo kórìíra gidigidi. Ìdílé mi padà sí Ìbàdàn kí àkókò tèmi tó tó, n kò sì ṣe é rí. Gbogbo ohun tí mo sọ pé mo ní lọ́wọ́ títí di òní, láìsí arangetram ni.

Ìyẹn mú mi rántí ohun tí n kò tíì sọ, ti abhinaya, ìyẹn fífi ojú àti ọwọ́ sọ ìtàn. Àmì 28 ló wà tí a ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe, tí a sì ń kà lórí bí ẹni ń ka ewì. Èyí àkọ́kọ́ ni pataka: ìka mẹ́rin á nà papọ̀, àtàǹpàkò á ká mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọwọ́ kan yìí lè jẹ́ ìkùukùu, ó lè jẹ́ odò, igbó, òru, tàbí kí ó máa sọ pé “rárá”. Ojú ló ń sọ èwo ni. Òfin tí wọ́n fi ń kọ́ wa ni pé ibi tí ọwọ́ bá lọ ni ojú ń lọ, ibi tí ojú bá lọ ni ọkàn ń lọ.

Akọrin á máa kọ gbólóhùn orin kan ní àkọtúnkọ, oníjó á sì máa fi ìtàn mìíràn hàn nínú rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo rántí jù ni ti Yashoda, ìyá tó gbọ́ pé Krishna ọmọ rẹ̀ kékeré jẹ iyẹ̀pẹ̀, tó ní kí ó lanu, tó sì rí gbogbo ayé nínú ẹnu rẹ̀. Èmi ni n ó ṣe ìyá tó ń bínú, n ó yí èjìká díẹ̀, n ó rẹ ara sílẹ̀, n ó sì di ọmọ tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi. N ó tún yí padà, n ó di ìyá tí ẹ̀rù ti bà. Bí mo bá ṣe ọmọ náà bí ẹni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá àgbà á dá ìró dúró. Á ní kí n kọ́kọ́ sọ fún òun ìdí tí ọmọ náà fi jẹ iyẹ̀pẹ̀.

Lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, mo ń lo èyí ju oògùn lọ. Aláìsàn kan lè máa bú mi, ojú rẹ̀ á sì máa wo ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ á sì di ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú. Ọwọ́ àti ojú náà ni mo máa ń dá lóhùn, kì í ṣe èébú.

Olùtọ́jú Eegun

Ìyá Ìbejì, kí ẹ tó san owó, ẹ lọ jókòó níbẹ̀ ní Sátidé kan kí ẹ wò wọ́n. Ẹ wo ilẹ̀: pákó tó ní àyè lábẹ́ ló dára jù. Ẹ wò ó bóyá olùkọ́ ń gbà kí ọmọ tí ìbàdí rẹ̀ kò là púpọ̀ dúró ní ìwọ̀n tirẹ̀, àti bóyá ó ń jẹ́ kí wọ́n gbọn ẹsẹ̀ kí wọ́n sì na iṣan lẹ́yìn aramandi. Bí orúnkún bá dun ọmọ ju ọjọ́ kan lọ, kí ó sinmi, kí olùkọ́ sì gbọ́.

Ọmọ Chennai

Kí ẹ sì fetí sí àwọn ọmọ tó ti pẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ẹnu pe ìró náà fúnra wọn bí ẹsẹ̀ wọn ti ń lọ, ó ń kọ́ wọn dáadáa. Ẹ bi olùkọ́ náà bóyá ó lè ṣàlàyé ìtumọ̀ orin kọ̀ọ̀kan fún yín kí àwọn ìbejì tó kọ́ ọ, bí ìyá mi ti ṣe. Ẹ tún bi í pé ta ló kọ́ òun. Inú olùkọ́ gidi a máa dùn sí ìbéèrè yẹn, yóò sì dárúkọ olùkọ́ rẹ̀ àti ẹni tó kọ́ olùkọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó lọ, màá sì mú bàbá mi dání, nítorí pé ó ń bọ̀ wá kí wa lọ́sẹ̀ yìí. N ó padà wá sọ fún yín bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí àti ẹni tí olùkọ́ náà sọ pé ó kọ́ òun.